Bádéjọ ní Ẹ̀ka Mẹ́ta

Ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Stephen, ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ní ẹ̀ka ilé àyẹ̀wò kan ní Rigasa, pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ó sì sọ fún un pé àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà kò ṣí mọ́. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Hàjàrá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní ilé ìwòsàn tí ó kọjú sí ẹ̀ka náà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì dá. Ó ti gba ẹ̀jẹ̀ rí, ara rẹ̀ sì kọ̀ ọ́. Nítorí náà kì í ṣe ẹ̀jẹ̀kẹ́jẹ̀ ni a lè fún un. Stephen ti yẹ àpò méjì tí ó bá a mu wò sílẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Àpò méjèèjì wà nínú fíríìjì lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n àpò méjìdínlọ́gbọ̀n ni ó wà níbẹ̀, nọ́ńbà nìkan ni ó sì wà lára wọn. Kọ̀ǹpútà ni ó mọ èyí tí í ṣe ti Hàjàrá. Bí wọ́n bá tún àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀, wákàtí kan ni yóò gbà. Nọ́ọ̀sì sì ti wí pé wákàtí kan ti pọ̀ jù.

Bádéjọ, ọ̀gá àgbà ilé àyẹ̀wò náà, jókòó ní olú ẹ̀ka wọn ní àdúgbò tí a ń pè ní Television. Ó gbìyànjú láti ṣí àkọsílẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Kò ṣí.

Ẹ̀ka mẹ́ta ni ilé àyẹ̀wò náà ní: Television, Nasarawa àti Rigasa. Tẹ́lẹ̀ rí, okùn kan ṣoṣo ni ó so wọ́n pọ̀, Television sì ni gbogbo nǹkan ń gbà kọjá. Bí àwọn tí ń gbẹ́ ojú ọ̀nà bá ti gé okùn náà, Rigasa a di afọ́jú. Àwọn onílé iṣẹ́ wá gbé iṣẹ́ náà fún Moyinọlá, onímọ̀ ẹ̀rọ. Ó gbé àpótí kékeré kan sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó ní ọ̀nà méjì, okùn abẹ́ ilẹ̀ àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, tí ó sì ń gba ibi tí ó bá yá. Ẹ̀ṣọ́ inú kọ̀ǹpútà, tí ń yẹ ẹni tí ó fẹ́ wọlé wò, kò jókòó sí ẹnu ọ̀nà Television mọ́. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ó wà, níbi tí ojú rẹ̀ ti tó gbogbo ẹ̀ka, kì í sì í béèrè ibi tí ènìyàn ti wá nìkan, bí kò ṣe ẹni tí ó jẹ́. Nítorí èyí ni a fi pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, kí nọ́ńbà ìwọlé kan sì máa wá sórí fóònù rẹ̀ ní àràárọ̀.

Bádéjọ kò fara mọ́ ọn. Ó wí ní ìpàdé pé orí kan ṣoṣo ni ilé ń ní. Ó fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀ fún ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe wàhálà gba òmíràn. Nígbà tí nọ́ńbà bá dé sórí fóònù rẹ̀ láràárọ̀, wọn a pè é, wọn a kí i, wọn a béèrè orúnkún rẹ̀, òun a sì ka nọ́ńbà náà fún wọn. Oṣù Kejìlá ni yóò fẹ̀yìn tì. Ìkíni wọ̀nyí dùn mọ́ ọn. Fún oṣù mẹ́ta, ẹ̀ṣọ́ náà ń wò ni, kò ti ẹnikẹ́ni síta. Ọjọ́bọ̀ yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn. Moyinọlá ti kọ lẹ́tà nípa rẹ̀. Bádéjọ kò kà á parí.

Moyinọlá fúnra rẹ̀ ni ó pè.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Orúkọ yín wọlé ní Nasarawa ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà, ó tún wọlé ní Rigasa, ẹ̀ṣọ́ sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ ò kúkú ní ìyẹ́. Ṣé ẹlòmíràn mọ ọ̀rọ̀ aṣínà yín ni?"

Àwọn òṣìṣẹ́ méjì wà nínú yàrá tí Bádéjọ wà, wọ́n ń fọ ìgò tí ó ti mọ́.

"Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n," ni Bádéjọ wí.

Moyinọlá ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé olè ti wọlé, òun yóò sì ṣe ohun tí ó tọ́ sí olè. Ó gé Rigasa àti Nasarawa kúrò pátápátá.

Kò pẹ́ tí Folúṣadé, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka Nasarawa, fi pè. Ẹgbẹ́ akọrin kan náà ni òun àti Bádéjọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kì í sì í bẹ̀rù rẹ̀. Ó ní àkọsílẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí lọ́dọ̀ òun, òun sì ti fẹ́ ka nọ́ńbà àpò Hàjàrá fún Stephen kí gbogbo rẹ̀ tó pòórá.

"Bọ̀dá Bádéjọ, kí lẹ sọ fún ọmọ onímọ̀ ẹ̀rọ yẹn?"

Bádéjọ wo àwọn òṣìṣẹ́ méjì náà.

"Ojú ń tì yín, mo mọ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ò mọ ojú yín."

Stephen tún pè. Abdulwahab, ọkọ Hàjàrá, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wí pé "don Allah, don Allah", nítorí Ọlọ́run, láìgbóhùn sókè, bí ẹni tí ń ka tẹ̀sùbáà. Stephen ní ó dà bí ẹni pé òun rántí nọ́ńbà kan, igba lé mọ́kànlá. Kí òun gbé e?

Bádéjọ gbá etí tábìlì mú.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Kò dá mi lójú, sà. Ṣùgbọ́n ó ń kú lọ."

"Má fọwọ́ kàn án."

Ó pe Moyinọlá. Àwọn afọgò ṣì dúró níbẹ̀, kò sì ní kí wọ́n jáde.

"Irọ́ ni mo pa fún ọ," ni ó wí. "Ẹni mẹ́ta ni ó ń jẹ́ Bádéjọ."

Moyinọlá kò bá a wí. Ó béèrè orúkọ wọn. Ó ní òun kò ní ṣí orúkọ Bádéjọ, nítorí a kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ aṣínà náà tún dé. Ṣùgbọ́n bí Stephen bá fi ojú rẹ̀ àti káàdì iṣẹ́ rẹ̀ hàn lórí fóònù, tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sì jẹ́rìí sí i, òun yóò fún un ní orúkọ tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ojú Stephen yọ lórí fóònù, òógùn bò ó.

"Bàbá, ta ni ẹni yìí?"

"Stephen ni. Ọdún mẹ́fà ni ó ti ń bá mi ṣiṣẹ́. Òun ni ó yẹ àpò náà wò; orúkọ mi ni mo fi bo iṣẹ́ rẹ̀."

Nọ́ńbà dé sórí fóònù Stephen. Ó tẹ̀ ẹ́ ṣì, ó tún un tẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ó ka nọ́ńbà àpò méjèèjì jáde: igba lé mẹ́tàdínlógún, àti igba lé ọgbọ̀n. Kò sí igba lé mọ́kànlá níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ ilẹ̀kùn fíríìjì, wọ́n sì gbọ́ ẹsẹ̀ Abdulwahab bí ó ti ń sáré sọdá títì.

Agogo mọ́kànlá ààbọ̀ ti lù kí Stephen tó pè padà. Àpò kejì ti ń wọ ara rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti dá. Hàjàrá ti béèrè ọmọ rẹ̀. Bádéjọ jókòó.

Nígbà tí Moyinọlá pè, ìròyìn tí yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn onílé iṣẹ́ ní ọ̀sán ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra béèrè bóyá kí òun kọ ọ́ pé àṣìṣe ni ó ṣẹlẹ̀.

"Rárá," ni Bádéjọ wí. "Kọ ọ́ pé mo parọ́, kí o sì kọ iye ìṣẹ́jú tí ó gbà mí kí n tó jẹ́wọ́."

Moyinọlá wo àkọsílẹ̀ ẹ̀ṣọ́ náà, ó sì ka iye rẹ̀ fún un. Mẹ́tàlá ni.