Èdìdì Ẹnu Táǹkì

"Bọ̀dá Fúnṣọ́, ó tún ti kú!" Èyítáyọ̀ pariwo láti ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tó ti gbé orí ìyàwó rẹ̀ lé itan.

Fúnṣọ́ tó ń wakọ̀ tún yí kọ́kọ́rọ́. Kurudu ni ọkọ̀ ti kọ́kọ́ kú. Wọ́n dúró pẹ́, ó jí, wọ́n tún gbéra. Ní báyìí tí Jikwoyi ti ń yọ lókèèrè, ẹ́ńjìnnì tún fà bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, ó sì dákẹ́. Oyíndà ń kérora. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ló ń dà dípò ọmọ. Nọ́ọ̀sì tó wò ó ní Orozo ní kí wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá nígboro.

Fúnṣọ́ ká ìjókòó iwájú sókè, ó fi àtàǹpàkò tẹ pọ́ǹpù kékeré orí fítà, èyí tí wọ́n fi ń fa dísẹ́lì wá síwájú. Pọ́ǹpù náà wọlé, ó kọ̀, kò jáde mọ́. Bátìrì lágbára, sítátà ń yí, epo sì wà nínú táǹkì. Nǹkan kan ló ń fa epo náà mọ́ra, kò jẹ́ kó wá. Táǹkì kò rí afẹ́fẹ́ mí ni.

Ó mọ ẹni tó dí i nímú. Ẹgbẹ́ ọmọ Okun ní Orozo ló ni bọ́ọ̀sì náà, Alàgbà Ọládùnjoyè sì ni alága wọn. Ní ìpàdé tó kọjá, ẹnì kan sọ pé Fúnṣọ́ ń fa epo tà. Alàgbà kò bá a jà. Ó kàn fi ọ̀rá we ìdérí táǹkì, ó fi sẹ́lótéèpù dì í pinpin, ó sì buwọ́ lù ú.

"Ọjọ́ tí mo bá bá èyí ní jíjá," ni Alàgbà wí, "mo mọ orúkọ tí mo máa pè ọ́."

Láti ìgbà náà, ọkọ̀ kò tíì rìn jìnnà títí di òní. Àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í pe èèyàn lólè kó máa gbé ọmọ ẹran jó. Ìdí nìyẹn tí Fúnṣọ́ fi ń pe fóònù Alàgbà ní Kurudu, tí Alàgbà kò gbé e, tí Fúnṣọ́ wá ń nu fítà tí kò dọ̀tí, tó ń so páìpù tí kò jò. Ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró. Awakọ̀ rẹ̀ yọjú wo inú bọ́ọ̀sì, ó rí ẹ̀jẹ̀. "Kai, jini!" ló fi Haúsá kígbe ẹ̀jẹ̀, ó sì sá lọ.

"Bọ̀dá, plíìsì," ni Èyítáyọ̀ ń bẹ̀ ẹ́. "Kí ló ń ṣe é gan-an?"

Oyíndà gbé orí sókè díẹ̀. "Ẹ má jẹ̀ẹ́ n kú sójú ọ̀nà."

Fúnṣọ́ bọ́ sílẹ̀, ó fi eyín fa sẹ́lótéèpù já. Bó ṣe yí ìdérí, afẹ́fẹ́ wọ inú táǹkì pẹ̀lú ariwo. Ọkọ̀ jí, kò sì kú mọ́ títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí Èyítáyọ̀ jáde wá bá a níbi ìgbọ́kọ̀sí. Ìyá yè. Ọmọ kò yè. Ó ti kú kí wọ́n tó gbé e jáde. Èyítáyọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

"Ẹ ṣé, Bọ̀dá. Dókítà ní bí a bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i, Oyíndà náà ì bá ti lọ."

Omi bọ́ lójú Fúnṣọ́. Ó lè gba ọpẹ́ yìí, kó sì máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀.

"Dìde," ló wí. "Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kurudu ni mo ti mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yẹn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí lólè ni mi ò ṣe ṣí i."

Èyítáyọ̀ dìde díẹ̀díẹ̀. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

"Ní Kurudu," ló wí, "ọmọ yẹn ṣì ń yí nínú ikùn. Mo gbọ́wọ́ lé e."