Ọkọ Nílé, Ọmọ Iṣẹ́ Níta

Kíréènì ti gbé àpótí jíà ọkọ̀ ojú irin náà kúrò nílẹ̀, ó rọ̀ dirodiro lókè, Qudirat kò sì lè mú ojú kúrò lára rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí i lára láàárọ̀ pé ọ́ìlì inú rẹ̀ ti gbẹ. Bó bá gbẹ lóòótọ́, kó bá àwọn irin àlòkù yòókù wọ kọ̀ntéínà. Bí ọ́ìlì bá ṣẹ́kù níbẹ̀, ẹrù eléwu ni, ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ń tò ó sí nínú ọkọ̀ òkun. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ ń wá iná sórí omi ni.

Iṣẹ́ Qudirat nìyí, kó máa ya ẹrù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní àgbàlá tó wà nítòsí èbúté Abidjan. Òfin ibẹ̀ ni pé kó ti ìka bọ ihò àpótí kó tó kọ ohunkóhun sí i. Kò ti ìka bọ eléyìí. Faïçal ló da ọ́ìlì rẹ̀ nù, àbúrò ọkọ Qudirat sì ni Faïçal. Ó ti wà nílé wọn ní Abobo kí wọ́n tó gbé ìyàwó wọlé, nítorí náà ọkọ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ Qudirat ló ti ń ṣiṣẹ́. Qudirat kì í tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

"Ìyàwó, fọkàn balẹ̀, c'est bon, ó ti gbẹ," ni Faïçal wí láàárọ̀.

"Ẹ ṣé, ọkọ mi."

Ìyàwó wo ni yóò dúró níwájú ọkọ, tí yóò máa wádìí bóyá irọ́ ló pa? Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ó jókòó, ó dìde, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Nínú òtútù oṣù August yìí, ọ́ìlì jíà a máa ki bí ògì tó tutù, kì í tètè ṣàn tán. Bó bá sì ní kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹjọ́ rẹ̀ yóò ṣáájú rẹ̀ délé. Ikú yá ju ẹ̀sín lóòótọ́, àmọ́ ikú àwọn atukọ̀ tí kò mọ̀ rí ńkọ́?

"Saliou! Arrête, descends ça!" ni Qudirat kígbe.

Awakọ̀ kíréènì sọ ẹrù náà kalẹ̀.

"Faïçal! Wá ṣí i."

Gbogbo àgbàlá yíjú sí wọn, torí ó pè é lórúkọ. Faïçal mú sípánà, ó tú ìdérí ihò ìsàlẹ̀. Qudirat ti ìka bọ̀ ọ́, ọ́ìlì dúdú sì tẹ̀lé ìka náà jáde, ó ń ṣàn lọ sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Inú bí i, ẹ̀rù bà á. Ó gbójú sókè kó bú Faïçal, àfi bó ṣe rí i tí omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ó ṣì ń kán nígbà tí mo dé e," ni Faïçal wí jẹ́jẹ́. "Mo rò pé ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ti gbogbo wọn lẹ máa ń yẹ̀ wò, chef, ọ̀gá mi. Tèmi nìkan lẹ kì í yẹ̀ wò."

Qudirat fi ẹsẹ̀ ti garawa sábẹ́ ihò náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí yóò wo iṣẹ́ ọwọ́ Faïçal.