Ọkọ̀ Bàbá Nísàlẹ̀ Adágún

"Ẹ padà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún ibẹ̀ gbà!"

Awakọ̀ òfurufú wẹ̀yìn wo obìnrin onímọ̀ ẹja tó pariwo. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń fò lọ, fò bọ̀ lórí adágún bí ẹni ń gbálẹ̀, tí ẹ̀rọ abẹ́ ọkọ̀ wọn ń da ìmọ́lẹ̀ lésà sínú omi. Ìmọ́lẹ̀ náà á kan ìsàlẹ̀, á ta padà, ẹ̀rọ á sì fi ya àwòrán ilẹ̀ abẹ́ omi. Ibi tí ẹja ń yé ẹyin sí ni obìnrin náà ń wá. Ohun tó rí lójú kọ̀ǹpútà yìí gùn gbọọrọ, imú rẹ̀ sì wọ́ sọ́tùn-ún.

"Irú ẹja wo nìyẹn?" awakọ̀ béèrè.

"Ọkọ̀ ojú omi bàbá mi ni."

Bàbá rẹ̀ nìkan ló ń kan ọkọ̀ báyẹn láyé. Ọkọ̀ tí bàbá ní káfíńtà ojúlé kejì jí! Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ dàgbà, wọn ò kíra wọn mọ́. Òwe ni bàbá ń pa sí i látojú fèrèsé.

Nírọ̀lẹ́, bàbá wo àwòrán náà, ó nu awò ojú, ó tún un wò.

"Bóyá káfíńtà yẹn ló lọ rì í síbẹ̀."

"Bàbá, ta ló so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tó sọnù?"

Ikọ́ gbé bàbá. Ikọ́ náà pẹ́ díẹ̀. "Èmi ni. Bóyá okùn ọ̀hún ò le tó."

Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà, òun náà ni yóò fi lọlẹ̀ lọ bá a. Bàbá kan ilẹ̀kùn ojúlé kejì, ó na kọ̀ǹpútà síwájú bí ẹni gbé àwo oúnjẹ.

"Má bínú," ló sọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde lẹ́nu rẹ̀.

Káfíńtà wo àwòrán náà títí. Onímọ̀ ẹja dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó ń retí ìjà.

"Ṣé mi ò sọ fún ẹ pé imú rẹ̀ wọ́?" káfíńtà wí.

"Kò wọ́! Omi ló tẹ̀ ẹ́!"

"Omi wo? Wọlé, jókòó, kí n fi rúlà hàn ẹ́."

"A ó yọ ọ́ lọ́la, wàá rí i!"

"Ẹ ò lè yọ ọ́," ọmọ wí. Ó fi ìka kan àwọn kòtò roboto tó yí ọkọ̀ náà ká. "Àwọn ẹja ló gbẹ́ ìwọ̀nyí láti yé ẹyin sí. Ó ti di ilé ọlọ́mọ."

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Orí méjèèjì ti kanra lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń pariwo mọ́ra wọn bí ọmọdé. Ó fẹ́ gba ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ó tún fi í sílẹ̀, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Látọjọ́ yìí wá, ó ti rò pé ọ̀fọ̀ ọkọ̀ ni bàbá òun ń ṣe, àṣé ọ̀fọ̀ ọ̀rẹ́ ni.