Òkìtì Tí Ọkọ Mi Kó Jọ

Ọjọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì kan, tó ń wá nǹkan àtijọ́ kiri nínú ilẹ̀, he akọ òkúta pẹlẹbẹ kan létí oko mi, tó rí i pé wọ́n ti gbẹ́ ẹnu rẹ̀ bí ọ̀bẹ, ni oko ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní àwọn ará ìgbàanì tí kò mọ irin ló gbẹ́ ẹ. Òkìtì irú ẹ̀ wà níbẹ̀, ó ga dé orúnkún. Ó ní abúlé wọn nìyẹn, bí òun bá sì ti rí ẹ̀rí ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní gbin nǹkan síbẹ̀ mọ́ láéláé. Òjò àkọ́rọ̀ sì ti rọ̀, àgbàdo tí mo fẹ́ gbìn wà nínú àpò.

Wọ́n ta okùn yí oko ká, wọ́n kó búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín jáde, wọ́n ń fi gbọn erùpẹ̀. Èmi tí mo ti ń ro ilẹ̀ yẹn láti ogún ọdún dúró lẹ́yìn okùn bí àlejò. Mo fẹ́ kọjá, akọ̀wé wọn ní, "Màmá, ẹ rọra, ẹ má ba ìtàn jẹ́." Inú bí mi gan-an.

Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Ọkọ mi olóògbé ló kó òkìtì yẹn jọ. Nígbà tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé tí mò ń gbé, òkúta ò jẹ́ kó rímú mí, ọmọlanke ló fi ń kó wọn lọ dà sétí oko.

Ọmọ mi obìnrin ló kìlọ̀ fún mi. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ panu mọ́. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́, oko ló máa lọ. Tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, ilé ni." Mo ní mo ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ nínú mi, àmọ́ mo gbìyànjú, mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìdérí ìgò kan àti awẹ́ sálúbàtà ọkọ mi ni wọ́n rí. Wọ́n ní àwọn tó ń kọjá lọ ló jù wọ́n síbẹ̀.

Ìgbà tó yá, àwọn ọ̀gá wọn wá wò ó. Ọ̀jọ̀gbọ́n na ọ̀pá sí òkìtì náà. "Ẹ wo bí wọ́n ṣe kàn dà á jọ. Ẹni tó ṣe èyí, ọ̀lẹ ni. Ọpọlọ ẹ̀ ò tíì tó ti èèyàn."

"Ta lọ̀lẹ?" Mo ti wọ abẹ́ okùn kọjá. "Ọkọ mi ló kó o jọ. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi gbẹ́ ìpìlẹ̀ tí gbogbo ẹ̀ ti jáde. Ìwọ tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì roko, ìwọ lò ń pè é lọ́lẹ?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa bi mí ní nǹkan.

"Màmá, ìpìlẹ̀ ilé wo?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àgbàdo mi ti hù báyìí, ó sì dára lójú. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni mò ń sùn, kò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa. Okùn ti yí pálọ̀ mi ká.

Lánàá, mo bá Ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀, òógùn bò ó. Ó ní ìpìlẹ̀ yẹn le jù, ọjọ́ kẹrin rèé tí àwọn ti ń fọ́ ọ, kò mì.

Mo ní, "Ẹ máa fọ́ ọ lọ, ọ̀gá. Ọ̀lẹ ló ṣe é."