Akéṣíà Orí Ilẹ̀ Ìyá

Monílọ́lá gbé àáké sókè, ó sì sọ ọ́ sí ojú ibi tó ti kọ́kọ́ ṣá. Èérún igi pupa fò, ó bà á ní igbá àyà, ó jábọ́ sínú ewé. Kò wo ilẹ̀. Ó tún gbé àáké sókè. Ìhà ibi tó fẹ́ kí igi wó sí ló máa ń kọ́kọ́ ṣí lẹ́nu, lẹ́yìn náà yóò yí sí ẹ̀yìn, yóò sì máa gé e títí igi yóò fi dún. Bó bá ti dún, yóò sún sẹ́yìn. Láti ìgbà tí ojúmọ́ ti mọ́ ló ti wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn igi akéṣíà tó ti gé sùn sí ẹ̀gbẹ́ oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ìkan lẹ́yìn ìkan, wọ́n kọ orí sí ọ̀nà.

Ọjọ́ Sátidé ni ẹbí ń bọ̀ wá wo ilẹ̀. Bàbá Akínyẹmí, olórí ẹbí, ló ránṣẹ́ sí i ní Àkúrẹ́ pé igi kankan kò gbọdọ̀ wà ní ìdúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó bá ku ẹyọ kan, ẹbí yóò gba ilẹ̀ wọn padà, Monílọ́lá yóò sì hú ẹ̀gẹ́ rẹ̀, èyí tó gbó àti èyí tí kò gbó, yóò máa lọ. Gààrí inú oko yìí ló ń tà ní Àkúrẹ́. Òun ló fi ń san owó ilé, òun náà ló fi ń tọ́ Tèmítọ́pẹ́, ọmọ rẹ̀, nílé ẹ̀kọ́. Kò ní ilẹ̀ mìíràn.

Ilẹ̀ náà wà ní ìta ìlú Oǹdó. Ti ẹbí ìyá Akínlolú, ọkọ rẹ̀, ni. Nínú ẹbí náà, ẹni tí wọ́n bá fún nílẹ̀ nítorí ìyá rẹ̀ lè gbin ohun tí yóò jẹ láàárín ọdún: ẹ̀gẹ́, àgbàdo, iṣu, ẹ̀fọ́. Kò gbọdọ̀ gbin igi. Igi a máa pẹ́ ju ènìyàn lọ. Ẹni tó bá gbìn ín ti fi ẹsẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ múlẹ̀ lórí ilẹ̀ náà.

Akínlolú mọ òfin náà, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ó sì gbọ́ ọ bó ṣe wù ú. Ó gbà pé kòkó, obì àti ọ̀pẹ ni wọ́n ń pè ní igi, nítorí àwọn ló ń mú owó wá. Akéṣíà kì í so ohun tí ẹnikẹ́ni ń jẹ. Ó ṣa irúgbìn rẹ̀ nídìí àwọn tó wà lẹ́bàá ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Alágbàká nínú Àkúrẹ́, ó da omi gbígbóná lé e kí èèpo rẹ̀ líle lè rọ̀, ó gbìn ín sínú ọ̀rá. Nígbà tí wọ́n hù, ó kó wọn wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Oǹdó, ó gbé wọn sí orí itan. Kò bi ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀ náà ti ṣá nígbà náà. Òkúta wẹ́wẹ́ ni, koríko èèkan sì ti gbà á. Ẹ̀gẹ́ tí ó bá hù níbẹ̀ kì í sanra ju ìka lọ. Akéṣíà kò bìkítà fún òkúta. Kí ọdún mélòó kan tó kọjá, ó ti ga ju ilé lọ. Ewé rẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé ń já bọ́ lójoojúmọ́, ó bo èèkan mọ́lẹ̀ títí ó fi kú. Àwọn kókó kéékèèké wà lára gbòǹgbò rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, láti inú wọn ni ilẹ̀ ti ń rí oúnjẹ. Ilẹ̀ di dúdú, ẹ̀gẹ́ sanra bí apá. Oyin wá sídìí òdòdó rẹ̀ tó pọ́n bí epo tuntun. Àparò wá yé ẹyin sábẹ́ ewé gbígbẹ, ẹ̀gà sì wá so ìtẹ́ mọ́ ẹ̀ka.

Akínlolú kú nígbà ọyẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n pè é. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín ni Monílọ́lá ti ń ṣe ohun gbogbo bó ṣe yẹ kó ṣe é, ìkan lẹ́yìn ìkan. Ó fọ aṣọ ọkọ rẹ̀, ó fi tọrẹ. Ó dá kọ́kọ́rọ́ ibi iṣẹ́ Akínlolú padà. Nígbà tí iṣẹ́ tí Bàbá rán dé, ó wá àáké.

Igi tó ń gé dún. Ó sún sẹ́yìn. Igi wó, ilẹ̀ mì díẹ̀, eruku gbéra.

“Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o! Àbí ẹ kú ogun ni kí n sọ?”

Sherifat ni, obìnrin tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti gbé òṣùká sórí, ó fẹ́ ṣa igi ìdáná.

“O káàbọ̀,” ni Monílọ́lá wí. “Mú àwọn tó wà lọ́hùn-ún. Má fọwọ́ kan ewé.”

“Kí lẹ fẹ́ fi ewé ṣe?”

“Màá tẹ́ ẹ sídìí ẹ̀gẹ́.”

Sherifat wo ọwọ́ rẹ̀. “Ẹ ò lè pe àwọn ẹlẹ́rọ tó ń gé pákó? Ọwọ́ yín á bó o.”

“Ó ti bó.”

“Olúwa o.” Sherifat jókòó sórí igi tó wó, ó fọwọ́ gbá a bí ẹni gbá ẹ̀yìn ọmọ. “Ẹ wo igi Bùrọ̀dá ọkọ yín. Bí wọ́n bá dé oko, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí, kí wọ́n tó rántí pé èmi náà jí.”

“Ó ní ìwọ, bí òun bá kí ẹ, wàá tọrọ nǹkan. Igi kì í tọrọ.”

Sherifat rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú, lẹ́yìn náà ó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ tilẹ̀ sunkún díẹ̀, Ìyá Tọ́pẹ́. Kò burú.”

“Fún igi?”

Sherifat dìde lórí igi. Ó sún mọ́ ọn. “Reuben ọmọ Bàbá tún mú ọkùnrin kan wá níjẹta, tó gbé àpò awọ dání. Wọ́n fi okùn wọn ilẹ̀ yín látòkè délẹ̀. Pulọ́ọ̀tì ló fẹ́ gé tà. Ó ní kí n má sọ fún yín o, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ.”

“Bàbá mọ̀?”

“Bàbá ń jókòó, ọmọ ló ń rìn. Àwíjàre ló ń wá. Ẹ má fi igi kankan sílẹ̀ fún un.”

“Mi ò ní in lọ́kàn.”

Ó padà sídìí iṣẹ́. Sherifat di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Oòrùn ti mú nígbà tí Bàbá Akínyẹmí dé. Ọlọ́kadà gbé e wá pẹ̀lú àga rẹ̀ tó ń ká. Igi kan ṣoṣo ló kù ní ìdúró, èyí tó tóbi jù, ní ìpẹ̀kun oko. Bàbá tẹ́ àga sábẹ́ òjìji rẹ̀, ó jókòó, ó ń mí. Monílọ́lá kúnlẹ̀ kí i.

“Ẹ káàsán, Bàbá.”

“Ìyàwó, o kú iṣẹ́. Dìde, dìde.” Ó wo àwọn igi tó sùn sílẹ̀, ó wo kùkùté. Monílọ́lá ti gé wọn mọ́ ilẹ̀, ó sì ti bó èèpo ìdí wọn kúrò yípo kí wọ́n má baà tún rúwé. “Ìwọ nìkan lo ṣe gbogbo èyí?”

“Èmi ni, Bàbá.”

Bàbá gbójú sókè. Ẹ̀gà ń pariwo lórí, wọ́n ń fi ewé tútù hun ìtẹ́, wọ́n ń bára wọn jà. “Àwọn wọ̀nyí ò mọ̀ pé ará Àkúrẹ́ ló gbin igi yìí,” ló wí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀. “Mo rò pé wàá wá bẹ̀ mí ni. Ká ní o wá, à bá jọ jókòó sọ ọ́.”

“Ẹ ò ránṣẹ́ pé kí n wá bẹ̀bẹ̀, Bàbá. Iṣẹ́ gígé igi lẹ rán sí mi.”

Bàbá wo àwọn kùkùté lẹ́ẹ̀kan sí i. Atẹ́gùn fẹ́, ewé já bọ́ sórí fìlà rẹ̀, ó mú un, ó ń yí i láàárín ìka.

“Tóò. Ó ti tó. Fi èyí sílẹ̀. Òjìji rẹ̀ dára, ibi tí a ó jókòó sí lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn.”

“Ẹ dákun, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gé e.”

“Mo ní kí o fi í sílẹ̀. Èmi tí mo ní kí o gé e náà ni mo ń sọ̀rọ̀ yìí.”

“Mo gbọ́, Bàbá. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín ò ní béèrè ohun tẹ́ ẹ sọ fún mi lónìí. Igi ni wọ́n máa wò.”

“Ta ló ń bọ̀ lẹ́yìn mi?”

Monílọ́lá wo ipa tí okùn ti là sínú koríko. Ó di àáké mú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dúró. Bàbá wò ó, lẹ́yìn náà ó wo ọ̀nà tí okùn tí wọ́n fi wọn ilẹ̀ ti tẹ koríko mọ́lẹ̀. Ó dìde pẹ̀lú ìnira. Monílọ́lá fẹ́ bá a gbé àga, ó ní rárá, ó fúnra rẹ̀ ká a, ó gbé e jáde sínú oòrùn.

Monílọ́lá ṣí igi lẹ́nu, ó yí sẹ́yìn. Igi náà le, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Bàbá jókòó sínú oòrùn, ó ń wò ó. Nígbà tí igi dún, ẹ̀gà gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n bo ojú ọ̀run, igi sì wó. Ẹyin wà nínú àwọn ìtẹ́ kan, ó ti fọ́. Monílọ́lá já àwọn ìtẹ́ náà kúrò lára ẹ̀ka, ó kó wọn jọ sójú kan. Àwọn ẹyẹ yí ibi tí igi ti wà po lójú afẹ́fẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń wá a. Lẹ́yìn náà wọ́n lọ.

Ó bó èèpo kùkùté. Ó gé ẹ̀ka kúrò, ó to igi ìdáná sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó kó ewé, ó tẹ́ ẹ sídìí ẹ̀gẹ́ láti poro dé poro.

“Gbòǹgbò ńkọ́?” Bàbá béèrè.

“Igi lẹ ní kí n gé. Gbòǹgbò á jẹrà sínú ilẹ̀, ẹ̀gẹ́ á rí i jẹ fún ọdún mélòó kan.”

“Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?”

“Ilẹ̀ á tún ṣá.”

Bàbá mi orí. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Kò sí òjìji mọ́ níbi kankan. “Lọ́jọ́ Sátidé,” ló wí, “ẹnu mi ni wọ́n máa ti gbọ́ ọ, Reuben náà á sì wà níbẹ̀. Kò sí igi lórí ilẹ̀ yìí. Máa dáko rẹ.”

“A dúpẹ́, Bàbá. Ẹ kú wàhálà.”

Ó kúnlẹ̀ kí i. Ó bu omi fọ ọwọ́ níbi tó ti bó, ó fi aṣọ di í, ó fi àpò wé ojú àáké, ó gbé e lé èjìká. Ó gba àárín ẹ̀gẹ́ kọjá sí títì, ó nawọ́ sí bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Àkúrẹ́, ó wọlé.