Wáyà Dúdú

Látìgbà tí ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n, kò tíì gbà kí ẹlòmíì tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Àmọ́ lónìí, sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ló bá nà án sí ọmọ rẹ̀ obìnrin.

“Wáyà dúdú bátìrì la máa kọ́kọ́ tú, òun náà la máa dè kẹ́yìn, kí iná má baà ta.”

Ọmọ náà pààrọ̀ wáyà àti irin tó ń dè é mọ́ orí bátìrì, ó dè wọ́n pinpin. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ ò dáhùn.

“Ibi tó o de wáyà dúdú mọ́ lára ọkọ̀ ti dógùn-ún. Ṣé o ha á?”

“Rárá o, Bàámi.”

Ó tú u, ó ha ibẹ̀ títí irin fi ń dán, ó tún un dè. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ̀ dáhùn. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó fi ìjókòó awakọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ó yá, ìyá ẹ́ńjìnì, gbé mi jáde.”