Lẹ́tà Ọ̀gá fún Wẹ́dà

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Wẹ́dà tó mọ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ nípa rẹ̀. Aago mẹ́wàá ni wọ́n sì ń retí rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ físà tó wà ní òdìkejì títì.

Ọ̀gá ti lẹ àpòòwé náà pa kó tó fà á lé e lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ àná. Ó ní kò gbọdọ̀ ṣí i, nítorí ìyìn tó wà nínú rẹ̀ lè mú kó bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra ga kó tó wọ bàálù. Wẹ́dà kò sì ṣí i. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń bá ọ̀gá yìí jó irin, tí ọ̀gá bá sì ní kó má ṣí nǹkan, kì í ṣí i.

Ìyá Fọ́ọ̀mù ló ṣí i. Òun ló ń bá àwọn tó ń wá físà tẹ ìwé, nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tí kò gbà ju kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan àti ìdúró ènìyàn méjì lọ. Ẹni tó bá gbọ́n kì í kọjá sí òdìkejì láì jẹ́ kó yẹ ìwé òun wò. Ó gbé awò rẹ̀ wọ̀, ó ka lẹ́tà náà. Ó bọ́ awò, ó nù ún, ó tún un kà.

"Ta ni Ọ̀gá Àgbà Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ẹ̀rọ?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà."

"Ìwọ ni."

Lẹ́tà náà ní Wẹ́dà ń darí òṣìṣẹ́ méjìlélógún. Mẹ́ta péré ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tí a bá ka ọ̀gá mọ́ wọn, ẹnì kẹta sì ni bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu géètì, tó máa ń fi ojú méjèèjì sùn lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́tà ní ó ní ọ́fíìsì tirẹ̀, tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ níbẹ̀. Ìlà tó gbẹ̀yìn ló wá burú jù: "Mo fọwọ́ sọ̀yà pé láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ọkùnrin yìí kò fọwọ́ ara rẹ̀ kan irin." Òótọ́ ni gbolóhùn yìí o, àmọ́ ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló bá mu.

Ìyá Fọ́ọ̀mù gbé ìwé àṣẹ iṣẹ́ tó ti ìlú òyìnbó wá sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà. "Wo ohun tí àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi yìí ní àwọn fẹ́. Wẹ́dà. Ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́, láì dáwọ́ dúró. Tóo bá gbé méjèèjì wọlé, wọ́n á ní ọ̀kan nínú wọn irọ́ ni. Wọn ò sì ní bi ọ́ pé èwo ni."

"Ṣé mi ò lè yọ lẹ́tà yẹn kúrò, mà?"

"Láìsí lẹ́tà ọ̀gá, kò sí físà."

"Kí n padà wá lọ́jọ́ mìíràn ńkọ́?"

"Ọjọ́ wo ni ìwé àṣẹ iṣẹ́ yìí máa kú?"

Kò nílò kó wò ó. Ó ti ń ka ọjọ́ náà bí ẹni ń ka ìwọ̀n oògùn. "Ọ̀túnla, mà." Oṣù méjì sí i sì ni ààyè tó tún ṣí sílẹ̀ ní òdìkejì.

Wẹ́dà ti kó kúrò nínú yàrá rẹ̀, onílé ti fi ẹlòmíì síbẹ̀. Ìyàwó àti ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá ìyàwó, ìyá ìyàwó kò sì dúró de físà kankan: láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ń sọ fún àdúgbò pé àna òun ti dé ọ̀hún, pé òtútù ibẹ̀ ò tiẹ̀ mú un. Bí wọ́n bá lé e padà lónìí, ó di dandan kó ti ibi tí kò lọ rí dé.

Ó pe ọ̀gá.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Lẹ́tà yẹn ni, sà."

"Ó dùn, àbí? Mi ò kọ irú ẹ̀ fẹ́nìkan rí."

"Ó dùn, sà. Ó ti dùn jù. Wẹ́dà ni wọ́n ń wá, sà."

"Kí n wá kọ ọ́ pé ọdún mọ́kànlá lo fi ń jó irin lọ́dọ̀ mi, tí mi ò gbé ẹ ga? Irú ọ̀gá wo ni wọ́n máa pè mí? Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ o! Òyìnbó máa kà á!"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo dọ̀bálẹ̀..."

"Mi ò lè torí ìrìn àjò ẹ tẹ́." Fóònù kú.

Ìyá Fọ́ọ̀mù ti rí onírúurú èèyàn lórí àga yẹn. Ó ti rí ọkùnrin tó ń yọ ọdún kúrò lára ọjọ́ orí rẹ̀ títí tó fi di àbúrò fún àbúrò rẹ̀. Ó na ọwọ́ gba fóònù, ó pe nọ́ńbà náà padà, ohùn rẹ̀ sì yí padà di oyin.

"Ẹ káàárọ̀ o, Alákòóso Àgbà. Lẹ́tà yín ló ń dùn mí, sà. Ẹ ti kó gbogbo ipò fún ọmọ iṣẹ́ tán. Tóun bá jẹ́ ọ̀gá àgbà, kí wá lẹ̀yin?"

Ó jọ pé ọ̀gá kò rò ó débẹ̀.

"Kí lẹ rò pé ká kọ?" ó bi í.

"Ẹ jẹ́ kóun jẹ́ wẹ́dà lásán, sà. Kí ẹ̀yin máa jẹ́ gbogbo ìyókù."

Ọ̀gá ń sọ, Ìyá Fọ́ọ̀mù ń tẹ̀ ẹ́: Olùdásílẹ̀, Alága, Alákòóso Àgbà, Olórí Onímọ̀ Ẹ̀rọ.

"Fi Onímọ̀ràn Àgbáyé sí i."

"Àgbáyé, sà?"

"Arákùnrin kan tó ń gbé lókè òkun bi mí léèrè ọ̀rọ̀ rí."

Ó fi sí i. Ní àárín gbogbo rẹ̀, nínú ìlà kúkúrú kan, Wẹ́dà jẹ́ wẹ́dà.

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ni ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, nínú kóòtù àti táì. Ó jókòó, ó ka ipò rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó tún un kà. Wẹ́dà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo aago ara ògiri. Ọ̀gá wá fọwọ́ sí i, pẹ̀lú ìfọwọ́sí kan tó gùn débi tí púpọ̀ nínú rẹ̀ fi parí sórí tábìlì. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Wẹ́dà já lẹ́tà gbà, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní ilé iṣẹ́ físà kò rẹ́rìn-ín. Ó ka ìwé àṣẹ iṣẹ́, ó ka lẹ́tà.

"Ipò márùn-ún, nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo," ó wí. Ó sì gbé fóònù.

Lẹ́yìn obìnrin náà ni fèrèsé tó kọjú sí títì wà, Wẹ́dà sì ń rí ọ̀gá níwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Fọ́ọ̀mù. Ó rí i tó gbé fóònù sétí, tó tún táì rẹ̀ ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn síwá sẹ́yìn. Ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ sókè. Ó nà án, ó fẹ̀ ẹ́, ó gbé e sókè sí i. Kò sí bí ènìyàn ṣe ń ṣàpèjúwe wẹ́dà tí ọwọ́ fi ń ga tó bẹ́ẹ̀. Ó ti bà á jẹ́, Wẹ́dà sọ nínú ọkàn rẹ̀. Ó ti tún sọ mí di ọ̀gá àgbà.

Obìnrin náà bi í ní nǹkan kan lórí fóònù, ní ohùn jẹ́jẹ́. Ní òdìkejì títì, ọ̀gá dúró. Ọwọ́ rẹ̀ tó wà lókè rọra wá sílẹ̀. Ó wo ilẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó tún mì, ọ̀rọ̀ náà kò sì gùn.

Obìnrin náà gbé fóònù sílẹ̀.

"Ìṣẹ́jú mẹ́fà ló fi sọ̀rọ̀ ara ẹ̀," ó wí. "Mo wá bi í pé tẹ́ ẹ bá lọ, ta ni yóò máa jó irin níbẹ̀? Ó ní òun ni. Ó ní wẹ́dà lòun náà, pé ẹ̀yin lẹ jẹ́ kóun gbàgbé." Ó lu òǹtẹ̀. "Ẹ padà wá gbà á lọ́jọ́ Ẹtì. Kẹ́ ẹ wá kóòtù tó nípọn."

Wẹ́dà kò mọ bó ṣe sọdá títì. Ọ̀gá ti já táì rẹ̀ sílẹ̀, ó ká a sápò, kò fẹ́ wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn," ó wí. "Awò dúdú tí a fi ń jó irin, ibo lo gbé e sí?"